Orí Tí Kò Lè Jẹ́rìí Ara Rẹ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, àwọn tí gbogbo wa mọ̀ sí Road Safety, bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tó bá gun alùpùpù láìdé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ náà fi di ìran wíwò. Láwọn ìlú kan ní Nàìjíríà, àwọn ọlọ́kadà bu igbá dé orí. Àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Wọ́n ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì ti wọ́n jù, àwọn ò rówó rà á. Àwọn èrò ẹ̀yìn náà ní tiwọn lẹ́nu. Àwọn kan ní àwọn ò lè dé ohun tí orí ẹlòmíì ti wọ̀, kí àwọn má lọ kó àìsàn. Àwọn kan ní ó ṣeé ṣe kí ọlọ́kadà ti fi oògùn sínú rẹ̀, kí ẹni tó bá dé e pòórá. Ìròyìn náà dé òkè òkun, wọ́n sì fi wá rẹ́rìn-ín.

Ó pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn èrò yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Yorùbá kì í fi orí ṣeré. Orí là ń bọ, orí là ń kì, orí là ń bẹ̀ pé kó bá wa ṣe é. Ní Kétu àti ilẹ̀ Yewa, orí náà la ń gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lé, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó wà lára ogún àṣà gbogbo ayé. Ẹni tí kò jẹ́ kí ohun tí kò mọ orísun rẹ̀ kan orí òun, orí rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ibi tí wàhálà wà ni pé ewu tó ń dúró de orí lójú títì kì í ṣe oògùn. Kòtò ni, ọkọ̀ àjàgbé ni, ọ̀dà títì fúnra rẹ̀ ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí orí bá ti lu títì ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Báwo layé ṣe wá mọ̀ pé ẹni tí kò ṣẹ̀jẹ̀ lè fara pa ju ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lọ? Báwo ni òfin ṣe wá sọ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀? Kí ló sì dé tí owó yẹn kì í fi í sábà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, pàápàá lágbègbè ẹnubodè?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ Yewa la mọ̀ sí Ẹ̀gbádò títí di 1995. Ìlaròó ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, Ayétòrò ni ti Àríwá Yewa. Láti apá Ìlaròó, ọ̀nà gba Owódé lọ sí Ìdírókò. Láti Ayétòrò, ọ̀nà gba Ìmẹ̀kọ lọ sí ààlà Benin. Lójú gbogbo ọ̀nà yìí, ọ̀kadà lẹsẹ̀ ìlú. Ọ̀kadà ló ń gbé ọmọ Poly lọ sí kíláàsì, òun ló ń gbé aláboyún lọ sí ọsibítù, òun náà ló ń gbé ìrẹsì àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù gba inú oko níbi tí kọ́sítọ́ọ̀mù ò sí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ńlá ṣí ní Ìbèsè ní 2012, ọkọ̀ àjàgbé náà wá pọ̀ sí i lágbègbè yẹn, ọ̀nà kan náà sì ni gbogbo wọn jọ ń tọ̀.

Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń lọ. Èrò á pé jọ. Wọ́n á gbé ẹni tó ṣubú sábẹ́ igi, wọ́n á da omi sí i lórí. Tó bá lajú, ariwo á ta: "Ó ti jí o! Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run!" Wọ́n á yẹ apá wò, wọ́n á yẹ ẹsẹ̀ wò. Tí eegun ò bá kán, a jẹ́ pé kò ṣe é. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àgbà á ti dé. Awakọ̀ á dọ̀bálẹ̀, ọ̀gá tó ni ọkọ̀ á dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Iṣẹ́ Ògún ni." Bàbá ẹni tó fara pa á ní kò burú, ọmọ òun sáà ti yè. Wọ́n á sanwó kádì àti owó abẹ́rẹ́, wọ́n á lọ sí tèṣọ̀n, wọ́n á buwọ́ lùwé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, òwe kan ṣoṣo ni wọ́n á fi pa á lẹ́nu mọ́: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ká ní télọ̀ lẹni tó ṣubú yẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ń gbàgbé orúkọ oníbàárà. Ó wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta, ìwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ sílẹ̀. Orí ń fọ́ ọ ní gbogbo ìgbà. Ariwo ọmọdé lásán á mú un bínú débi tó fi máa sọ sáàsì mọ́ ògiri, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí oníwà tútù tẹ́lẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, gìrì gbé e. Ará ilé á ní ọwọ́ ayé nìyẹn. Wọ́n á gbé e lọ sórí òkè, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ babaláwo, wọ́n á fura sí ìyàwó, wọ́n á fura sí ìyá ọkọ. Kò sẹ́ni tó rántí ọ̀kadà mọ́. Ìwé tí Bàbá buwọ́ lù sì ṣì wà ní tèṣọ̀n.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí télọ̀ yìí? Ọpọlọ èèyàn rọ̀ bí ẹ̀kọ, agbárí tó wà nínú rẹ̀ sì le bí igbá. Tí ọ̀kadà tó ń sáré bá dúró lójijì, tí orí sì lu ilẹ̀, agbárí dúró, àmọ́ ọpọlọ ò tíì dúró. Á lọ kọ lu agbárí níwájú, á tún padà kọ lù ú lẹ́yìn. Àwọn okùn tín-ín-rín tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn lè já nínú ìkọlù yẹn, láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kán síta. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ń rọra jọ sábẹ́ agbárí fún wákàtí mélòó kan. Ẹni náà á sọ̀rọ̀, á jẹun, á ní òun fẹ́ sùn, kò sì ní jí mọ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń bẹ̀rù èébì, oorun àsùnjù àti ẹyinjú kan tó fẹ̀ ju èkejì lọ lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forí gbálẹ̀, bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, ilẹ̀ Áfíríkà ló sì ti wá. Ìwé tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ tó dárúkọ ọpọlọ, Íjíbítì ni wọ́n ti kọ ọ́, nǹkan bí 3,600 ọdún sẹ́yìn. Orúkọ ará Amẹ́ríkà tó rà á ní Luxor ní 1862, Edwin Smith, ni wọ́n fi ń pè é lónìí. Ọ̀rọ̀ aláìsàn 48 ló wà nínú rẹ̀, orí ló fi bẹ̀rẹ̀, 27 nínú wọn ló sì jẹ́ ti orí. Oníṣègùn tó kọ ọ́ kíyè sí i pé ẹni tí wọ́n lù ní ẹ̀bátí lè di ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé ohun tó bà jẹ́ lórí lè fara hàn níbòmíì.

Ìtàn tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sì mọ̀ ni ti Phineas Gage. Ọmọ ọdún 25 ni, ó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń la ọ̀nà rélùwéè ní Vermont, ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1848, ẹ̀tù bú gbàù, ó ta irin kan tó gùn ju mítà kan lọ gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde lókè orí. Kàkà kó kú, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ń sọ̀rọ̀. Ó padà rìn, ó padà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n kà á sí òṣìṣẹ́ tó dáa jù tẹ́lẹ̀ kọ̀, wọn ò gbà á padà sípò rẹ̀, torí ìwà rẹ̀ ti yí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹni tí àwọn mọ̀ kọ́ nìyí mọ́. Ní 1860, lẹ́yìn tí gìrì ti ń gbé e léraléra, ó kú. Dókítà John Harlow tó tọ́jú rẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní kò kọ ọ́ ni, àwọn èèyàn ì bá ní ọtí ló ba Gage jẹ́, tàbí ayé.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ "ó kọ ọ́ sílẹ̀" yẹn sọ́kàn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí kóòtù, kí adájọ́ fojú rí i. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa, ohun tó yẹ kó fi rántí, kó fi ṣàlàyé, kó fi mú sùúrù, òun gan-an ló bà jẹ́. Tí wọ́n bá bi í pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀, kò rántí. Tí lọ́yà kejì bá tọ́ ọ díẹ̀, á bínú. Orí rẹ̀ ò lè jẹ́rìí ara rẹ̀. Àfi kí ẹlòmíì ti kọ nǹkan sílẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo apá ti òfin. Ṣé ẹ rántí "iṣẹ́ Ògún ni"? Àwa nìkan kọ́ la ń di ẹ̀bi ru irin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tí kẹ̀kẹ́ ẹrù bá pa èèyàn, kẹ̀kẹ́ náà ni òfin ń mú. Wọ́n á díye lé e, owó náà á sì di ti ọba. Deodand ni wọ́n ń pe àṣà yìí. Nígbà tí ọkọ̀ rélùwéè dé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì 1841, ọkọ̀ ojú irin kan kọ lu ilẹ̀ tó ya ní Sonning, nítòsí Reading, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sílé sì kú. Àwọn tó ṣe ìwádìí ikú náà bu £1,000 lé ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ̀rù ba àwọn olówó rélùwéè. Nígbà tó fi máa di 1846, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pa deodand rẹ́, wọ́n sì ṣe òfin mìíràn lọ́dún kan náà: ẹbí ẹni tí àìbìkítà ẹlòmíì pa lè gba owó lọ́wọ́ ẹni náà. Ẹ wo ìyípadà yẹn dáadáa. Ẹ̀bi kúrò lórí irin, ó bọ́ sórí èèyàn. Owó kúrò lápò ọba, ó lọ sọ́dọ̀ opó àti ọmọ òrukàn.

Ní 1897, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún ṣe òfin pé òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ tí òfin náà kàn gbọ́dọ̀ gbowó, bí kò tilẹ̀ lè fi hàn pé ọ̀gá rẹ̀ ló jẹ̀bi. Irú òfin yìí dé Nàìjíríà ní 1941. Èyí tó wà lóde báyìí ni Employees' Compensation Act ti 2010.

Ìgbín ló tún wá mú òfin gbòòrò. Ní oṣù kẹjọ 1928, ní ìlú Paisley ní Scotland, obìnrin kan tó ń jẹ́ May Donoghue mu ọtí ata ilẹ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rà fún un. Ó ní òkú ìgbín ló jábọ́ látinú ìgò náà, àìsàn sì dá a dúbúlẹ̀. Òun kọ́ ló sanwó ọtí, nítorí náà kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Síbẹ̀, ní 1932, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Britain dá a láre pé ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Wọ́n ní aládùúgbò rẹ, lójú òfin, ni ẹnikẹ́ni tó yẹ kó o ti mọ̀ pé ìwà rẹ lè pa lára. Àwọn kóòtù Nàìjíríà náà ń tẹ̀lé e títí di òní. Lójú títì Ìlaròó, aládùúgbò awakọ̀ ni ọlọ́kadà, èrò ẹ̀yìn rẹ̀, àti ìyá tó ń ta àkàrà létí ọ̀nà.

Ó ku ìbéèrè kan: tí awakọ̀ ò bá lówó ńkọ́? Ìyẹn ni ìdáhùn òfin 1945, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1950. Òfin náà ní kò sí ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ wọ títì láìní adójútòfò, ìyẹn ínṣọ́ránsì, fún ẹni tó bá kọ lù. Third party ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àwọn kan rò pé ìwé tí wọ́n fi ń bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá ni. Rárá o. Ẹni tí wọ́n kọ lù ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ dúró níbí díẹ̀, torí ibí ni mo ti fẹ́ ká bá òwe wa sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà tó sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Láyé wọn, tí o bá pe aládùúgbò rẹ lẹ́jọ́, tí o sì jàre, ilẹ̀ rẹ̀ lo máa gbà, ilé rẹ̀ lo máa tà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ó jọ pàdé lójú odò. Kò lè dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin third party ṣe ni pé ó mú ilé aládùúgbò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ń sanwó. Ẹ̀yin àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í ṣọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sọ́rẹ̀ẹ́ tó máa bà jẹ́. Awakọ̀ lè wá kí yín lọ́sibítù, kó dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì dárí jì í tọkàntọkàn, kí ẹ ṣì gba ẹ̀tọ́ yín. Nínú èdè wa, owó gbà-má-bínú là ń pe irú owó yìí. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń tàn wá. Ó jẹ́ kó dà bíi pé ẹ̀bẹ̀ ni, pé ẹni tí kò bínú ò nílò rẹ̀. Gbèsè ni lójú òfin, yálà ẹ bínú, yálà ẹ ò bínú.

Kí gbèsè yìí tó ṣeé gbà, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà, àwọn oníṣègùn ló sì kọ́ wa bí a ṣe ń kọ ọ́. Ní 1935, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan, Hugh Cairns, wà lára àwọn tó tọ́jú T. E. Lawrence, gbajúmọ̀ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ṣubú lórí alùpùpù. Lawrence kú. Cairns ò gbàgbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọlọ́kadà ológun tó ń kú, ó ń wo ẹni tó dé àṣíborí àti ẹni tí kò dé e. Ní 1941 ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, ọdún yẹn náà sì ni àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ ogun tó bá gun alùpùpù dé àṣíborí.

Ní ilẹ̀ tiwa, 1962 ni Latunde Odeku, ọmọ bíbí Awẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́, dé sí ọsibítù UCH n'Íbàdàn. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ; akéwì sì ni pẹ̀lú. Ó kú ní 1974. Lọ́dún 1974 yẹn kan náà, dókítà méjì ní Glasgow, Teasdale àti Jennett, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí gbogbo ọsibítù ń lò báyìí. Wọ́n ń wò ó bóyá ẹni náà ń lajú, bóyá ó ń sọ̀rọ̀, bóyá ó ń gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Lónìí, máàkì tó kéré jù ni 3, èyí tó pọ̀ jù ni 15. Tí ẹ bá rí GCS nínú kádì ọsibítù, pẹ̀lú nọ́ńbà kan níwájú rẹ̀, òun nìyẹn. Nọ́ńbà kékeré yẹn lè jẹ́rìí ní kóòtù lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà tí gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ igi ti gbàgbé.

Ti ẹnubodè wa tún ní ìdí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó la ilẹ̀ wa sí méjì. Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹbí ń bẹ lápá ọ̀hún, ọjà ń bẹ lápá ọ̀hún, kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ sì ń lọ ń bọ̀ lójoojúmọ́. Tí ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà Benin bá gbá ọmọ Ayétòrò, ta ni kó lọ bá? Ṣé kó máa lọ sí Kútọnú lọ wá lọ́yà tó gbọ́ Faransé?

Àwọn olórí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti ro èyí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1982, ní Kútọnú, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn Brown Card. Ọkọ̀ tó bá ní káàdì yìí, tó bá sọdá ààlà, tó sì ṣe èèyàn léṣe, ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ nílé ló máa san án, àmọ́ orílẹ̀-èdè tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ti máa bójú tó o. Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, Nigerian Insurers Association, ló wà nídìí rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ Ayétòrò ò nílò láti sọdá. Ó ti lé ní 40 ọdún tí àdéhùn yìí ti wà, mélòó nínú yín tó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ẹnubodè ò ní nọ́ńbà, áḿbọ̀sì ínṣọ́ránsì. Ẹni tó ń kó fàyàwọ́ ò ní dúró kọ orúkọ rẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá tiẹ̀ rí i mú, aṣọ ọrùn rẹ̀ lè jẹ́ gbogbo ohun tó ní. Òfin ò lè fún ìkòkò tó gbẹ lómi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà pé kò sọ́nà, ẹ wo ẹni tó ni ọkọ̀, torí ọ̀gá tó rán awakọ̀ níṣẹ́ lè jẹ nínú ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ tún wo ibi tí ẹni tó fara pa ń lọ. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń ti ilé lọ síbi iṣẹ́, tàbí tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wálé, òfin 2010 kà á mọ́ ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ 14 ló ní láti fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí, ọdún kan ló sì ní láti béèrè owó náà lọ́wọ́ àjọ NSITF.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí le o, torí ọpọlọ kì í tètè sọ ohun tó ń ṣe é. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló kọ lù yín, òfin tó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fún yín ní oṣù mẹ́ta péré láti pe ẹjọ́. Oṣù mẹ́ta náà mà lẹ gbọ́ yẹn, ìgbà tí télọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ sáàsì mọ́ ògiri.

Nítorí náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́ ni iṣẹ́ náà sì kàn. Ẹ ya nọ́ńbà ọkọ̀. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń wò ó nínú àkójọ NIID bóyá ọkọ̀ náà ní ínṣọ́ránsì tòótọ́. Ẹ rí i pé ọlọ́pàá tàbí Road Safety kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé ẹni náà lọ sí ọsibítù bó tilẹ̀ ń rìn, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó dákú, kí wọ́n kọ ọ́ sínú kádì. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, ti oògùn, ti ọkọ̀, ti àwòrán orí, torí kóòtù wa kì í gba owó tí ẹ ní ẹ ná gbọ́ lásán. Wọ́n fẹ́ rí i. Kí ẹnì kan nínú ilé ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ́ sí: lónìí, ó gbàgbé orúkọ àbúrò rẹ̀, lónìí, kò lè dá ọjà ná. Bí nǹkan bá le débi pé kò lè dá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bójú tó mọ́, òfin gbà kí ẹlòmíì dúró pe ẹjọ́ fún un. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bá Legal Aid Council, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976. Ẹjọ́ ìjàǹbá wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má buwọ́ lu ìwé "ọ̀rọ̀ ti parí" lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ gba ẹ̀bẹ̀ awakọ̀, ẹ gba owó oògùn, ẹ gba ọsàn tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá. Ìwé yẹn ni kó dúró, torí ọpọlọ ò tíì sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà àti ẹgbẹ́ ọlọ́kadà náà níṣẹ́ láti ṣe. Láti 2023, owó third party ọ̀kadà fún odindi ọdún kan jẹ́ ₦3,000. Ti ọkọ̀ àyọ́kẹ́lẹ́ jẹ́ ₦15,000, ti ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó ẹrù jẹ́ ₦100,000. Mo mọ̀ pé ₦3,000 kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó lè gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọlọ́kadà láràárọ̀ lè ṣètò ₦60 lọ́sẹ̀ kan, kí ọdún tó yí po ó ti pé. Lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá sì dé, ìdọ̀bálẹ̀ awakọ̀ á jẹ́ ti ìbákẹ́dùn lásán, owó á ti ibòmíì wá. Ẹni tó fara pa á rí owó tọ́jú orí, awakọ̀ ò ní ta ilé, àwọn méjèèjì á sì tún jọ kíra wọn lọ́jà Owódé.